Ọmọ Ta Ni Agbábọ́ọ̀lù Yìí?

Ní aago mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í há ní Ring Road, àwọn ọmọ tó ń lọ gbá bọ́ọ̀lù ló ni ojú títì ìlú Bìní. Wọ́n ń bọ̀ láti apá Sakponba, láti Akpakpava, láti Mission Road, ní méjì méjì, mẹ́ta mẹ́ta. Àwọn kan so okùn bàtà bọ́ọ̀lù wọn pọ̀, wọ́n gbé e kọ́rùn. Ọmọ kan tí n kò rò pé ó tíì pé ọdún mọ́kànlá di bàtà tirẹ̀ sínú ọ̀rá dúdú, ó wá wọ ìbọ̀sẹ̀ fà á dé orúnkún, ó ń fi sílípáàsì rìn. Mo tẹ̀ lé wọn.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ló wà láàárín òbìrí Ring Road, ààfin Ọba Bìní sì wà ní ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Airport Road ni wọ́n gbà, wọ́n kọjá gbọ̀ngàn àṣà tí wọ́n fi orúkọ Ọba Akenzua Kejì pè. Àwọn ìyá tó ń dáná ẹ̀wà ti tẹ́ àga síta. "Kóyo," ni mo kí ọ̀kan nínú wọn lédè wọn, ó rẹ́rìn-ín, ó sì bi mí ní Píjìn bóyá bọ́ọ̀lù lèmi náà ń lọ gbá pẹ̀lú irun funfun yìí. Mo ní mò ń lọ wòran ni.

Ohun kan pàtó ni mo ń wá. Mò ń wá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó hù láti inú ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé. N kò wá ẹgbẹ́ àgbà tó ti wà tẹ́lẹ̀, tó wá rántí ọmọdé nígbẹ̀yìn. Irú rẹ̀ wà ní Hungary, èyí tó jọ ọ́ wà ní Abidjan, òmíràn tó jọ ọ́ sì ti wà nílẹ̀ Rẹ́mọ báyìí. Ìlú Bìní, tí ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá kò wọ́n níbẹ̀ láti ìgbà tí mo ti mọ nǹkan, ni mo fẹ́ mọ ibi tó kù sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ìrìn náà kò gùn kí a tó dé Ogbe. Samuel Ogbemudia Stadium ni orúkọ pápá ìṣeré náà báyìí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti lé ní ogójì ọdún kò ní pè é ní nǹkan mìíràn ju Ogbe Stadium lọ. Wọ́n tún un kọ́ nígbà tí ìpínlẹ̀ Ẹdó fẹ́ gbàlejò ìdíje eré ìdárayá gbogbo orílẹ̀-èdè, èyí tó yẹ kó wáyé ní 2020, tí àrùn kòrónà sún un di oṣù kẹrin 2021. Níbí náà ni àwọn Super Eagles ti gbá pẹ̀lú Sierra Leone ní ọjọ́ 13 oṣù kọkànlá 2020. Wọ́n gbá ayò mẹ́rin wọlé kí ìdajì àkọ́kọ́ tó dé ìparí, Sierra Leone sì dá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà. Kò sí òǹwòran nínú pápá lọ́jọ́ náà nítorí àrùn, ó sì dà bíi pé ìdí nìyẹn tí gbogbo ará ìlú fi ń sọ ọ́ títí di òní bí ẹni tó wà níbẹ̀.

Ọkùnrin àgbàlagbà kan tó ń ṣọ́ ẹnu géètì jẹ́ kí n wọlé kí n wo àwọn àga. Ó ní òun ti ń wá síbí láti ìgbà tí òun ti wà nílé ìwé. Mo bi í léèrè nípa Bendel Insurance, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìlú yìí. Kò dáhùn lórí Insurance, Vipers ló kọ́kọ́ dárúkọ, nítorí orúkọ tí ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ níbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó ka ife fún mi lórí ìka: ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Nàìjíríà ní 1972, òmíràn ní 1978, òmíràn ní 1980. Líìgì ní 1973 àti 1979. Ife CAF ní 1994, ọdún méjì lẹ́yìn tí Shooting Stars ti Ìbàdàn kọ́kọ́ gba irú ife náà. Ó wá dákẹ́ díẹ̀ kó tó fò wá sí 2023, nígbà tí wọ́n na Rangers ti Enugu ní Asaba, tí ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Nàìjíríà sì padà sí Bìní lẹ́yìn ọdún mẹ́tàlélógójì.

Mo jókòó sórí àga, mo ń wo pápá tó ṣófo. Àlàfo tó wà láàárín 1980 sí 2023 ni mò ń rò. Kì í ṣe pé ìlú yìí kò bí agbábọ́ọ̀lù láàárín àsìkò yẹn. Julius Aghahowa, tó máa ń ta òkìtì lórí pápá bó bá ti gbá bọ́ọ̀lù wọlé, ìlú yìí ni wọ́n bí i sí, Insurance ló sì ti gbá kó tó kọjá sókè òkun. Osaze Odemwingie náà gba Insurance kọjá. Ẹgbẹ́ kejì tún wà nílùú yìí nígbà kan, New Nigeria Bank, ti báǹkì ìjọba ìpínlẹ̀ Bendel. Wọ́n gba líìgì ní 1985, wọ́n sì gba ife ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní 1983 àti 1984. Níbẹ̀ ni Stephen Keshi àti Henry Nwosu ti gbá. Láti ibẹ̀ ni Keshi ti kọjá sí Ivory Coast, tó ti ibẹ̀ dé Bẹ́ljíọ̀mù, kó tó di ẹni tó gbé ife Áfíríkà lọ́dún 1994 gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá agbábọ́ọ̀lù, tó tún gbé e ní 2013 gẹ́gẹ́ bíi kóòṣì. Nílùú Bìní yìí náà ló kú sí ní oṣù kẹfà 2016. Báǹkì náà ti kógbá sílé, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ sì bá a lọ.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára pápá yìí, Samuel Ogbemudia, mọ̀ pé láti kékeré ni wọ́n ń tọ́ eléré ìdárayá. Nígbà tó ń ṣe gómìnà Mid-West, ìpínlẹ̀ tí ìlú Bìní wà nínú rẹ̀ nígbà náà, láti 1967 dé 1975, ó kọ́ ibùdó eré ìdárayá sí Afuze, ní ilẹ̀ Ọ̀wàn, níbi tí wọ́n ti ń kó àwọn eléré ìdárayá jọ, tí wọ́n ń bọ́ wọn, tí wọ́n sì ń kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n ṣe ìdíje àkọ́kọ́ gbogbo orílẹ̀-èdè ní Èkó lọ́dún 1973, Mid-West ló ṣe ipò kìíní. Ẹni tó bá gbọ́n á rí i pé kì í ṣe oríire. Ilé ìwé ló ń pèsè ọmọ, Afuze ń gbà wọ́n, ìpínlẹ̀ náà sì ń ko èso rẹ̀. Ọmọ tó gbá bọ́ọ̀lù dáadáa fún Edo College tàbí fún Immaculate Conception College mọ ẹni tó ń wò ó, ó sì mọ ibi tí wọ́n máa mú un lọ bó bá yege. Nígbà tí owó ìjọba fà sẹ́yìn, tí eré ìdárayá ilé ìwé di ohun tí wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, àtẹ̀gùn náà já láàárín. Pápá wà lókè, ọmọ wà nísàlẹ̀, kò sí ohun tí ọmọ máa fi gòkè.

Mo jáde, mo wá àwọn ọmọ tí mo tẹ̀ lé wá. Wọn kò wọ pápá ńlá. Ilẹ̀ pupa kan tí kò jìnnà síbẹ̀, tó ní koríko níhìn-ín tí kò ní lọ́hùn-ún, ni wọ́n yà sí. Nǹkan bí ogójì ọmọ ló wà níbẹ̀. Àwọn kéékèèké ti gbé mọ́ńkí-pòsì sí kọ̀rọ̀ kan, òkúta méjì méjì, wọ́n ti ń gbá tiwọn. Kóòṣì wọn to kóònù oníròbà sílẹ̀ ní ìlà mẹ́rin, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù títí wọ́n fi sáré yí pápá ká.

Ará Ìbíllò ni kóòṣì náà, láti Àkókó-Ẹdó, ó sì ń sọ Yorùbá dáadáa. "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀gbọ́n," ló kọ́kọ́ kí mi nígbà tó gbọ́ ohùn mi, ó sì dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ pẹ̀lú fèrè lẹ́nu. Olùkọ́ eré ìdárayá ni nílé ìwé gírámà kan láàárín ọ̀sẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé àti ní ìrọ̀lẹ́, ó ń tọ́ àwọn ọmọ wọ̀nyí. Kò gba owó lọ́wọ́ ọmọ tí òbí rẹ̀ kò ní. Àwọn tó ní díẹ̀ ń mú nǹkan wá lóṣooṣù, òun ló fi ń ra bọ́ọ̀lù.

Mo wo bó ṣe ń ṣe é fún wákàtí kan gbáko. Ó pín àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàlá sí mẹ́rin mẹ́rin nínú igun kékeré, ó ní bọ́ọ̀lù kò gbọdọ̀ kọjá ìgbà méjì lẹ́sẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ọmọ kan ṣe é nígbà mẹ́ta, ó fọn fèrè. "Ta ló ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ?" Ọmọ náà wẹ̀yìn. "Má wẹ̀yìn báyìí. Kí bọ́ọ̀lù tó dé ọ̀dọ̀ rẹ ni kí o ti wẹ̀yìn." Ọmọ náà mi orí. Nígbà tí bọ́ọ̀lù tún bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀, ó ti yí ọrùn kó tó dé, ó sì tẹ̀ ẹ́ lọ sí ibi tó ṣófo. Kóòṣì kò yìn ín, ó kàn tẹ̀ síwájú, ṣùgbọ́n mo rí i pé ó kọ nǹkan sínú ìwé.

Ìwé yẹn ni mo ní kó fi hàn mí nígbà tí wọ́n ń mumi. Ìwé ilé ìwé olójú ewé ọgọ́ta ni. Ó fi rúlà fa ìlà sí i: orúkọ ọmọ, ọjọ́ ìbí, ọjọ́ tó kọ́kọ́ dé, kíláàsì tó wà nílé ìwé, ẹsẹ̀ tó ń lò, nọ́ńbà fóònù ìyá tàbí bàbá. Ìlà kan wà ní ìparí tó kọ "ibi tó lọ" sí. Ìlà yẹn ló dùn mí jù. Níbi púpọ̀, "Èkó" ló wà níbẹ̀. Níbi mìíràn, "ó lọ kọ́ṣẹ́". Níbi méjì, "Líbíyà". Níbi kan, ó fi bírò fa ìlà sí òfìfo, kò kọ nǹkan kan.

Àwọn tó mọ ìtàn ìlú Bìní mọ ohun tí Líbíyà túmọ̀ sí níbí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń gba aṣálẹ̀ lọ síbẹ̀ láti wá bí wọ́n ṣe máa sọdá òkun sí Ítálì. Bọ́ọ̀lù sì wà lára ohun tí àwọn arẹ́nijẹ fi ń fa ọmọ. Kóòṣì náà sọ fún mi nípa ìyá kan tó ta ilẹ̀ nítorí ẹnì kan tó ní òun máa mú ọmọ rẹ̀ lọ dán ara wò lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kan lókè òkun. Ìwé àṣẹ ìrìnnà kò jáde, ẹni náà kò gbé fóònù mọ́, ọmọ náà kò sì wá sí pápá mọ́ nítorí ìtìjú. Bẹ́ẹ̀, òfin FIFA ti sọ ọ́ kedere pé ẹgbẹ́ kan kò gbọdọ̀ gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 láti orílẹ̀-èdè mìíràn, àyàfi níbi mélòó kan tí òfin náà ti fàyè sílẹ̀. Bí ìyá yẹn bá mọ gbólóhùn kan yìí ni, ilẹ̀ rẹ̀ ì bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n kọ ọ́ sí ara ògiri gbogbo pápá nílùú yìí.

Ìwé kóòṣì náà ṣe pàtàkì fún ìdí mìíràn tí òun fúnra rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Bí ẹgbẹ́ kan bá ra agbábọ́ọ̀lù tí àdéhùn rẹ̀ kò tíì parí láti orílẹ̀-èdè mìíràn, ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó náà kì í ṣe ti ẹgbẹ́ tó tà á. Àwọn tó tọ́ ọmọ náà láti ọmọ ọdún 12 títí dé 23 ni wọ́n máa pín in fún. Láti ọdún 12 dé 15, ọdún kọ̀ọ̀kan tí ọmọ náà lò lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ kan ń mú ìdá kan nínú 400 owó náà wá fún ẹgbẹ́ yẹn. Láti 16 dé 23, ìdá kan nínú 200 ni. Ní 2025, Galatasaray ti Turkey san mílíọ̀nù 75 yúrò láti ra Victor Osimhen, ọmọ tí ìdílé rẹ̀ ti wá láti Ẹ̀sán ní ìpínlẹ̀ Ẹdó yìí, tó dàgbà sí Olúsosùn l'Ékòó, tó sì gbá bọ́ọ̀lù mẹ́wàá wọlé ní ìdíje àgbáyé àwọn tí kò ju ọdún 17 lọ ní 2015. Lórí irú owó yẹn, ọdún kan ṣoṣo tí ẹgbẹ́ kan bá fi tọ́ ọmọ láàárín ọdún 12 sí 15 tó 187,500 yúrò. Láti oṣù kọkànlá 2022 ni FIFA ti ní ọ́fíìsì kan ní Paris tó ń ṣe ìṣirò náà tó sì ń san án. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ tí àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè rẹ̀ mọ̀, tó sì forúkọ ọmọ náà sílẹ̀ lọ́dún yẹn, ni wọ́n ń san án fún. Ìwé olójú ewé ọgọ́ta kò tíì tó.

Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún un, ó jókòó lé bọ́ọ̀lù. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ń sọ pé àwọn ọmọ tó ti lọ yẹn…" Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Mo ní àwọn tó ti lọ ti lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó ń sáré lórí pápá yìí kò tíì lọ.

Nígbà náà ni mo sọ fún un nípa Felcsút. Abúlé kan ni ní Hungary, nǹkan bí ogójì kìlómítà sí Budapest, àwọn ará ibẹ̀ kò sì tó 2,000. Ní 2007 wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ níbẹ̀, wọ́n sì fi orúkọ Ferenc Puskás sọ ọ́, akíkanjú tó gbá ayò 84 wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 85 fún Hungary, tó wà nínú ikọ̀ tó lọ na England ní 6-3 ní Wembley ní 1953. Puskás fúnra rẹ̀ ti kú ní 2006, kò sì gbá bọ́ọ̀lù fún abúlé náà rí. Ẹgbẹ́ tó ń jẹ́ orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà, Puskás Akadémia, gòkè dé líìgì àgbà, ó sì ṣe ipò kejì níbẹ̀ ní 2021. Ìjókòó pápá wọn, Pancho Aréna, tí wọ́n ṣí ní 2014, lé ní 3,500. Bí gbogbo abúlé bá jókòó síbẹ̀ tọmọdé tàgbà, ìdajì rẹ̀ ni yóò ṣófo.

Owó rẹ̀ kò jẹ́ àdììtú. Viktor Orbán, olóṣèlú tó pẹ́ gan-an lórí àga olórí ìjọba Hungary, abúlé yẹn ló dàgbà sí, òun ló sì wà nídìí ilé ẹ̀kọ́ náà. Ní 2011, wọ́n ṣe òfin tó jẹ́ kí ilé iṣẹ́ lè yí owó orí tó yẹ kí wọ́n san fún ìjọba padà sí eré ìdárayá, Felcsút sì jẹ nínú rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ìlú ńlá lọ. Ọ̀pọ̀ ará Hungary kò gba tiẹ̀, èmi náà kò sì ní gbà á bó bá jẹ́ owó orí tèmi ni. Ìlànà ibẹ̀ ni mò ń ṣe ìlara, n kò ṣe ìlara owó. Inú ọgbà kan náà ni ibùsùn ọmọdé, pápá ìgbaradì àti pápá ẹgbẹ́ àgbà wà. Ọmọ ọdún 13 mọ ibi tó ń lọ, torí ó ń rí i lójoojúmọ́.

"Ìyẹn ti òyìnbó," ni kóòṣì wí.

Mo ní ó dáa, jẹ́ ká bọ́ sílé. Ní Abidjan, ẹgbẹ́ ASEC Mimosas gba Jean-Marc Guillou, ará Faransé, láyè ní nǹkan bí ọdún 1994 láti kó ọmọdé jọ sí ibùdó wọn tí wọ́n ń pè ní Sol Béni, kí wọ́n máa gbé ibẹ̀, kí wọ́n máa kàwé níbẹ̀, kí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀. Ní 1999, nígbà tí ó kan ASEC láti bá Espérance ti Tunis gbá fún Super Cup Áfíríkà, àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ náà ni wọ́n kó sórí pápá, wọ́n sì na Espérance ní 3-1. Kolo Touré, Yaya Touré, Didier Zokora, Salomon Kalou, Gervinho, ilé kan náà ni gbogbo wọn ti jáde. Bẹ́ẹ̀ ni Abidjan kò jìn sí wa bíi Budapest.

Ìkẹ́nnẹ́ tiẹ̀ tún sún mọ́ wa ju ìyẹn lọ. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Bìní lówùúrọ̀, tó gba Òrè, tó kọjá Ìjẹ̀bú-Òde, á jẹun ọ̀sán ní Rẹ́mọ bí ọ̀nà bá dára. Ìlú Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni. Níbẹ̀ ni Kunle Soname, oníṣòwò tó wà lára àwọn tó dá Bet9ja sílẹ̀, fìdí Remo Stars kalẹ̀ sí. Lábẹ́ ẹgbẹ́ àgbà ni ilé ẹ̀kọ́ Beyond Limits wà. Beyond Limits kì í ṣe ibi ìgbaradì lásán, ẹgbẹ́ ni, ó ti gbá nínú líìgì kejì ilẹ̀ Nàìjíríà, níbi tí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ti ń kojú àgbàlagbà tó ní ìyàwó àti ọmọ nílé. Ọmọ tó bá dúró níbẹ̀ tí wọn kò lè gbé e ṣubú, Remo Stars á gbé e sókè. Wọ́n wọ líìgì àgbà, wọ́n já bọ́ sílẹ̀, wọ́n tún gòkè. Wọ́n ṣe ipò kejì ní 2023, wọ́n tún ṣe ipò kejì ní 2024. Ní oṣù kẹrin 2025, lábẹ́ Daniel Ogunmodede tó jẹ́ kóòṣì wọn, wọ́n gba líìgì Nàìjíríà nígbà tó ṣì ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta. Mamelodi Sundowns ti South Africa ló lé wọn jáde nínú ìdíje Áfíríkà lẹ́yìn náà, èyí tó fi hàn pé iṣẹ́ ṣì pọ̀. Ṣùgbọ́n ìlú kékeré ni Ìkẹ́nnẹ́. Ẹgbẹ́ Kano, ti Enugu, ti Ìbàdàn àti ti Bìní, tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń sanwó fún, gbogbo wọn ló wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́dún yẹn.

Ohun tí mo rí kọ́ lára Ìkẹ́nnẹ́ ni sùúrù. Ẹgbẹ́ ìjọba kì í ní sùúrù, nítorí gómìnà tó ń bọ̀ lè lé kóòṣì, alága tuntun lè kó ọgbọ̀n agbábọ́ọ̀lù tuntun wọlé lóṣù kan. Ta ló máa wá jókòó ti ọmọ ọdún 12 tí kò lè wúlò fún un kó tó pé ọdún mẹ́fà, nígbà tó jẹ́ pé ọdún mẹ́rin ni ìjọba ń lò?

Lọ́sàn-án, mo fi kóòṣì sílẹ̀ kó lọ jẹun, mo rìn padà sí Ring Road, mo yà sí Igun. Àdúgbò àwọn tó ń rọ idẹ ni, àwọn Igun Eronmwon, tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ fún ààfin láti ayébáyé. Ìtàn Bìní sọ pé láti Ifẹ̀ ni Igueghae ti gbé ìmọ̀ náà wá ní ayé Ọba Oguola. Ọmọkùnrin kan jókòó ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi ìka tẹ ìda mọ́ ara amọ̀, ó ń ṣe ojú kékeré kan. Bàbá rẹ̀ ń wò ó láti inú. Kò tíì tó ẹni tó ń da idẹ gbígbóná, ìda ló ṣì ń bá ṣiṣẹ́, nígbà tó bá yá ni iná á kàn án. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbí láti ọ̀rúndún dé ọ̀rúndún nìyẹn: iṣẹ́ kan, ilé kan, ọmọ kan náà láti orí ìda dé orí idẹ, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè ẹni tó kọ́ ọ. Ìlú tó mọ èyí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ nílò kí Hungary kọ́ ọ ní ohun tí ilé ẹ̀kọ́ jẹ́. Ó kàn yẹ kó ṣe é fún bọ́ọ̀lù náà ni.

Àwọn obìnrin ìlú yìí ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Edo Queens gba líìgì àwọn obìnrin Nàìjíríà ní 2024, wọ́n gba ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà lọ́dún kan náà, wọ́n sì dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá ní ìdíje Champions League àwọn obìnrin Áfíríkà ní Morocco. Nígbà tí mo padà sí pápá kóòṣì ní ìrọ̀lẹ́, ọmọbìnrin méje wà lára àwọn tó wá. Ọ̀kan nínú wọn ni aṣọ́lé. Mo rí i tó jù ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí ilẹ̀ líle láìbẹ̀rù, tó dìde tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ pupa, tó sì kọ́kọ́ pariwo mọ́ àwọn tó wà níwájú rẹ̀ kó tó wo ọgbẹ́. Kóòṣì ní òun kò ní ọmọ mìíràn tó ń sọ̀rọ̀ lórí pápá báyẹn, ọkùnrin tàbí obìnrin.

Ojú ọ̀run ti ń ṣú nígbà tí àwọn òbí bẹ̀rẹ̀ sí í wá mú ọmọ. Bàbá kan tó ń wa kẹ̀kẹ́ dúró, ó kó ọmọ mẹ́rin, méjì nínú wọn kì í ṣe ọmọ rẹ̀. Mo bi kóòṣì pé, bí ìjọba bá ní kó sọ ohun kan tó fẹ́, kí ni ó máa jẹ́. Mo rò pé á ní pápá tàbí bọ́ọ̀lù. Ó na ọwọ́ sí apá Ogbe.

"Kí Insurance gba àwọn ọmọ ọdún mẹ́tàlá yìí wọlé," ló wí. "Kí wọ́n má sanwó fún wọn. Kí wọ́n fún wọn ní aṣọ tó ní orúkọ ẹgbẹ́ láyà, kí wọ́n jẹ́ kí wọ́n máa gbaradì níbẹ̀ lẹ́yìn àwọn àgbà, kí wọ́n sì kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ní Sátidé, wọn á ti mọ ibi tí wọ́n ń lọ."

"Bí wọn kò bá gbà ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé a máa dá tiwa sílẹ̀ nìyẹn."

Mo sọ fún un pé Ìkẹ́nnẹ́ ní olówó lẹ́yìn, òun kò ní. Kò jiyàn. Ó ní òun mọ̀ pé òun kò lè kọ́ ibùsùn, òun kò sì lè bọ́ ogójì ọmọ. Ṣùgbọ́n òun lè forúkọ sílẹ̀, òun sì lè mú ọmọ mẹ́rìndínlógún tí ọjọ́ orí wọn bára mu, kí wọ́n máa gbá ìdíje ìpínlẹ̀ ní ọdún mẹ́rin tẹ̀léra pọ̀, kí ẹnikẹ́ni má tú wọn ká. Èmi rò pé ó tọ̀nà. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù nílẹ̀ wa ló ní àmì ìdánimọ̀ àti aṣọ kí wọ́n tó ní ìwé orúkọ. Tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó yẹ.

Ó ní lọ́jọ́ Ajé òun máa lọ sí ọ́fíìsì àjọ bọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀ náà, òun á béèrè ohun tí wọ́n ń gbà kí ẹgbẹ́ ọmọdé tó lè forúkọ sílẹ̀, àti bí orúkọ ọmọ ṣe ń dé inú ìwé FIFA. Kí ìyẹn tó ṣeé ṣe, ọjọ́ ìbí gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ bá ìwé ẹ̀rí ìbí wọn mu, ó sì mọ̀ pé ti àwọn kan kò bára mu, torí ìyá wọn ló kàn sọ ọ́ lẹ́nu. Ó ṣí ìwé náà lábẹ́ iná fóònù, ó ní kí n máa ka orúkọ, kí òun máa pe àwọn òbí. Ìyá aṣọ́lé la kọ́kọ́ pè.